Àmì Tí Akíndípẹ̀ Fi Ránṣẹ́ Láti Inú Igbó

Ẹ gbé àpótí mi sún mọ́ ògiri díẹ̀ sí i, ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n sọ ìtàn, ẹ fara balẹ̀, nítorí ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìtàn tí a fi ń rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ yóò fi jóná lẹ ń wá, ẹ lọ bá àwọn ọmọdé. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ẹkùn mẹ́ta ni mo ti wò lójú, ẹ̀kẹta ló sì kọ́kọ́ gbójú kúrò. Ẹfọ̀n tí mo pa létí odò Ọ̀yàn, odindi ọjọ́ méjì ni a fi rù ú délé. Síbẹ̀, ìtàn tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìtàn Ọdẹ́jìnmí ni, ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ gba ìbọn lọ́jọ́ kan náà. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, nígbà tí ó tún gbà láti bá mi sọ̀rọ̀.

Ọdẹ́jìnmí bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Akíndípẹ̀. Abẹ́ní, ìyàwó rẹ̀, ló bí i fún un lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń fojú sọ́nà. Ọmọ náà ti ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ wọgbó láti ìgbà tí kò tíì ga tó ìbọn. Gbogbo òfin ọdẹ ni Ọdẹ́jìnmí kọ́ ọ, kò fi ọ̀kan pamọ́: a kì í kọ ẹ̀yìn sí ẹran tí a rò pé ó ti kú, a kì í jẹ nínú ẹran kí a tó pín in, a kì í pe orúkọ ènìyàn nínú igbó, súfèé ni a fi ń pe ara wa, nítorí orúkọ tí iwin bá gbọ́, iwin lè lò ó. Nígbà tí Akíndípẹ̀ di géńdé, ó dá wọ Igbó Agbéniníyè lọ, igbó tí ó wà lẹ́yìn oko wa tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìparí rẹ̀. Oṣù mẹ́ta kọjá, a kò gbúròó rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni Tanímọ̀la, ajá rẹ̀, wọ́ ara dé. Ó ti rù kan egungun, wọ́n sì fi okùn so àfọ́kù igbá kan mọ́ ọn lọ́rùn. Ajá náà dúbúlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ Abẹ́ní, kò sì dìde mọ́.

Àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ọ̀bẹ ha sára igbá náà: igi gígùn kan tí ó dà gẹ̀rẹ̀, àti igi kúkurú kan tí ó tì í lábẹ́. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Àwa ọdẹ péjọ, a wò ó, ojú wa sì fà ro. Ní ìlú wa, bí ọdẹ bá kú, a máa ń ṣe ìsípà fún un. A ó gbé igi gígùn kan nàró nínú igbó, a ó fi igi kúkurú tì í kí ó má baà wó, a ó fi ẹ̀wù òkú kọ́ ọ, a ó gbé àpò rẹ̀ sí ìdí rẹ̀, a ó sì dágbére fún un pé kí ó má bá wa ṣọdẹ mọ́. Bí a bá ti ṣe é tán, a ti yà á kúrò láàrin wa nìyẹn. Bí ó bá wá kí wa lójú àlá tàbí lójú ọ̀nà, ọdẹ kankan kò gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ìdí nìyí tí Olúọdẹ fi mí kanlẹ̀ nígbà tí ó rí igbá náà. Ó ní: “Ọ̀rọ̀ kò sí mọ́. Ọmọ yìí ló ní kí a gbé igi òun nàró. Ó ti kú, àrokò rẹ̀ ló dé yìí.”

Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ mi orí.

Abẹ́ní nìkan ni kò gbà. Ó ní: “Ṣé òkú ló ń so okùn mọ́ ajá lọ́rùn? Bàbá Akíndípẹ̀, ẹ dìde, ẹ lọ bá mi mọ ohun tí ọmọ mi wí.”

Ọdẹ́jìnmí ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, orúnkún rẹ̀ sì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó bẹ Olúọdẹ kí ó fún òun ní ogójì ọjọ́. Olúọdẹ gbà, ó ní: “Ogójì, Ọdẹ́jìnmí, kò ní fi ẹyọ kan lé e. Òkú tí a kò sípà fún a máa da igbó rú mọ́ alààyè lọ́wọ́.” Bí Ọdẹ́jìnmí bá mú ìtumọ̀ àmì náà dé kí ogójì ọjọ́ tó pé, tí kì í bá ṣe ikú ni ìtumọ̀ náà, a kò ní gbé igi kankan nàró. Bí ó bá pẹ́, Akíndípẹ̀ ti di ẹni àná. Ó mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan kí ó lè máa ta kókó ọjọ́ sí i, ó gbé àpò kọ́ apá, ó sì lọ.

Ẹ má bi mí bí ó ṣe rìn wọ inú igbó náà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni iwin kan ti yọ sí i, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀-kan-àbọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ gùn bí òpó, tòsì kò ju ìdajì rẹ̀ lọ, orí rẹ̀ sì tóbi tó odó. Iwin náà lu àyà, ó ní: “Ìwọ ọmọ ènìyàn, sọ àpò rẹ kalẹ̀ kí a jà! Agbárí ẹni tí mo bá dá ni mo fi ń mumi.”

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ilé ni ẹ ó ti máa gbọ́ ariwo rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí sọ àpò kalẹ̀, ó sì jókòó lé e.

Iwin ní: “Dìde.”

Ó ní: “Ó rẹ̀ mí.”

“A kì í jókòó jà!”

“Mo mọ̀. Bí o bá fẹ́ pa mí, pa mí. N kò lè tìtorí ìjà tí kì í ṣe tèmi dìde.”

Iwin yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ọjọ́ tí ó ti ń jà, ẹni tí ó ń pọfọ̀ ló ń rí, àti ẹni tí ó ń sá. Kò rí ẹni tí ó jókòó rí. Inú bí i, lẹ́yìn náà inú rẹ̀ rọ̀, ni òun náà bá jókòó ti bàbá àgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn nípa ẹsẹ̀ kúkurú rẹ̀ tí í máa ro ó lásìkò òjò. Wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún títí oòrùn fi ga. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí fi àfọ́kù igbá hàn án, iwin bú sẹ́rìn-ín: “Èmi ni wọ́n yà! Wo ẹsẹ̀ gígùn, wo ẹsẹ̀ kúkurú!” Lẹ́yìn náà ni ó wá bi í pé: “Ta ni ò ń wá gan-an? Ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn ló ti gba iwájú mi kọjá. Dárúkọ rẹ̀, bóyá mo mọ̀ ọ́n.”

Ọdẹ́jìnmí mi orí. “Ọmọ mi ni. Ọdẹ kì í pe orúkọ ènìyàn nínú igbó.”

Iwin ní: “Kò burú. Ẹni tí kò bá dárúkọ ohun tí ó ń wá, gbogbo ọ̀nà ni yóò rìn. Àwọn ìlú tí wọ́n ti ń kọ àmì yìí pọ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti Ìlú Ìgbì.”

Ní Ìlú Ìgbì, ilẹ̀ kì í dúró. Ó ń ru sókè, ó ń rọ̀ wálẹ̀, bí omi tí ìjì ń tì, àwọn ará ìlú sì ń bá a lọ sókè sódò láì dá oúnjẹ ẹnu wọn nù. Ọdẹ́jìnmí kò tíì rìn tó ogún ìṣísẹ̀ tí ó ti bì gbogbo ohun tí ó jẹ láàárọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi rá pálá nínú ìlú náà, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ arúgbó obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oníwọ̀n, tí ó jókòó sórí ìgbì kan pẹ̀lú okùn gígùn lọ́wọ́.

Ìyá Oníwọ̀n kò kí i. Ó ní: “Kí ló ń rìn lọ tí ohun tó gbé e kò kúrò lójú kan?”

Ọdẹ́jìnmí ní òun kò mọ̀, kí ìyá jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun di nǹkan mú ná.

“Ìgbì ni. Omi ń dìde, omi ń wálẹ̀ níbi tó wà. Ìrìn nìkan ló ń lọ.” Ó gba àfọ́kù igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Àmì iṣẹ́ mi rèé. Láti téńté orí ìgbì kan dé téńté orí èyí tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀n yẹn ni a ń fi í kọ. Ìmọ́lẹ̀ náà ìgbì ni. Èyí tó gùn ni ojú yín ń rí ní pupa, èyí tó kúrú ni ojú yín ń rí ní àwọ̀ àlùkò. Èyí tó gùn fíìfíì ju gbogbo wọn lọ ni rédíò yín fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ ń sọ fún ọ pé ìgbì kan péré ló wà láàrin ẹ̀yin méjèèjì.”

Inú Ọdẹ́jìnmí dùn, ó ní: “Báwo ló ṣe gùn tó, ìyá?”

“Ó lè kéré ju ìbú irun orí lọ. Ó sì lè jìn ju ìlú rẹ sí òkun. N kò lè mọ̀, kò kọ iye sí i.” Ó fa ìwé ńlá kan yọ lábẹ́ ìdí. “Ṣùgbọ́n a máa ń kọ gbogbo ẹni tí ó bá gba ibí kọjá. Kí ni orúkọ rẹ̀?”

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó fi dá a lóhùn. Ìyá pa ìwé dé, ó padà sídìí okùn rẹ̀.

Ìlú kejì ni Ìlú Ìdínkù. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúró, omi ibẹ̀ tutù, àwọn ènìyàn ibẹ̀ lójú àánú. Wọ́n fún un ní ẹní, wọ́n fún un ní oúnjẹ. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn dúró sí àtàrí, ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá wọn kò sí mọ́. Wọn kò ṣàìsàn, wọn kò kígbe. Bí ìfófòó ọṣẹ ni wọ́n ṣe pòórá, tí wọ́n fi àga sílẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dúrósinmí ló gbà á sílé. Ó wo àmì náà, ó ní: “Ẹ̀yin bàbá, àmì ìlú wa nìyí. Òun la fi ń kọ bí a ṣe ń yára tán tó. Lójoojúmọ́, ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá àwa tó kù. A mọ iye tí yóò lọ, a kò mọ ẹni tí yóò lọ.”

“Àwọn àgbà kọ́ ló kọ́kọ́ ń lọ?”

“Rárá o. Ẹni tí ó dé lánàá àti ẹni tí ó ti lo ogún ọdún níbí, ọgbọọgba ni wọ́n. Ọjọ́ kì í gbó mọ́ni lára níhìn-ín. Ìlú yìí kò ní tán láé, nítorí ìdá kan nínú ohun tó kù ni ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ó ń tán lọ.”

Ọkàn Ọdẹ́jìnmí gbọgbẹ́. Ó gbà pé ohun tí ọmọ òun ń wí nìyí: mo wà níbi tí a ti ń tán, ẹ má retí mi. Ọjọ́ méjìlá ló fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí ó ń wo ojú àwọn géńdé ọkùnrin, tí ó sì ń dúró láàrin ìlú ní gbogbo ọ̀sán, bóyá yóò rí ti ọmọ rẹ̀ kí ó tó pòórá. Ó sọ fún mi pé ẹ̀rù kò ba òun fún ara òun rí, ṣùgbọ́n níbẹ̀, bí oòrùn bá ti ń gun òkè, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí ba òun. Lọ́jọ́ kejìlá, Dúrósinmí bu omi fún un. Ó ní: “Ẹ̀yin bàbá, ó yẹ kí ẹ sọ orúkọ ọmọ náà fún mi, kí n bá yín ké e káàkiri. Kí ni wọ́n ń pe —”

Igbá omi nìkan ló balẹ̀, oòrùn ti dé àtàrí. Ọdẹ́jìnmí dúró ti omi náà títí ilẹ̀ fi mu ún. Kò sunkún, ó ní omijé kò sí. Ó kàn gbé àpò rẹ̀ ni.

Ní ti Ìlú Ìjì, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí òun náà kò fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Ìjì kan ló ń fẹ́ lẹ́nu bodè ìlú náà, tí ó ń yí gbogbo ohun tó bá wọ inú rẹ̀ padà. Ẹni tó kọjú sí ìlà oòrùn, àríwá ni yóò bá ara rẹ̀. Ewúrẹ́ tó ń lọ sílé á bá ara rẹ̀ lóko. Ọjọ́ méjìdínlógún ni Ọdẹ́jìnmí fi ń wọ ibẹ̀ tí ìjì ń dá a padà sí ibi tó ti wá. Oníbodè, arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kan ilẹ̀, kò ṣe ju kí ó máa wò ó lọ. Lọ́jọ́ tí agara dá Ọdẹ́jìnmí pátápátá, ó bi í pé: “Bàbá, ṣé kò sí ọ̀nà ni?”

“Ọ̀nà wà. Ìwọ ni kò béèrè. Ìjì yìí ń yí ohun gbogbo, àfi èyí tó bá kọjú sí ọ̀gangan tirẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í yí. Yóò kàn gùn ni, tàbí kí ó kúrú. Iye ìgbà tí a bá fi gùn, àmì tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn la fi ń kọ ọ́.”

Ó tọ́ka sí ọ̀gangan náà. Ọdẹ́jìnmí kọjú síbẹ̀, ó wọnú ìjì, kò yí. Ṣùgbọ́n ó gùn! Ó gùn ní ìlọ́po mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ di bàǹtẹ́ lára rẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé yóò dé ibẹ̀. Kò padà sí ìwọ̀n rẹ̀ títí ó fi jáde lódì kejì, egungun rẹ̀ sì ń ro ó bí ẹni tí wọ́n fà bí okùn ọrun.

Oníbodè tẹ̀ lé e jáde, ó ní: “Gbọ́, ọdẹ. Ilẹ̀ Gíríìkì ni wọ́n ti bí àmì yìí. Lámúdà ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ju lẹ́tà kan lọ nínú ìwé wọn. Àwọn onímọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ló yá a lò, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ kọ pọ̀ ju lẹ́tà lọ. Bí ilé tí ó ní ọkọ́ kan ṣoṣo ni: ọmọ ìyá kan fi í kọ ebè, èkejì fi í gbẹ́ kòtò. A kì í di ọkọ́ mú kí a bi í léèrè iṣẹ́ tí ó ṣe lánàá. Ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ là ń bi. Ta ni ó kọ eléyìí?”

“Ọmọ mi ni.”

“Ọmọ rẹ, ọmọ rẹ! Ọmọ ta ni kì í ṣe ọmọ ẹnìkan?” Ó tọ́ka síwájú. “Ìlú kan ló kù níwájú. Máa lọ.”

Kókó ogójì ti wà lórí okùn nígbà tí ó dé Ìlú Aláìlórúkọ, ọ̀sán sì ti yẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, olúkúlùkù nínú àtíbàbà tirẹ̀, lámúdà sì wà níwájú orí gbogbo wọn. Ẹnìkan wà tí wọ́n ń gbé iṣu lé lọ́wọ́, ẹ̀bẹ ló ń dá padà. Wọ́n ń gbé aṣọ ìdọ̀tí fún òmíràn, aṣọ fífọ̀ ló ń dá padà. Wọ́n sọ fún ẹ̀kẹta pé mẹ́fà, ó ní méje. Wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Nínú àtíbàbà kan lápá òsì ni Ọdẹ́jìnmí ti rí Akíndípẹ̀.

Ó sáré. Àádọ́rin ọdún, ó sáré! Ó na ẹyọ obì kan sí i, bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tó ti ìrìn-àjò dé. Akíndípẹ̀ gbà á, ó sì fi ẹyọ méjì lé e lọ́wọ́.

“Ọmọ mi.”

Akíndípẹ̀ ní: “Ọmọ mi, ọmọ mi.”

“Ìyá rẹ ń sunkún nílé.”

“Ìyá rẹ ń sunkún nílé, ìyá rẹ ń sunkún nílé.”

“Áà, ó rẹ̀ mí o.”

“Áà, ó rẹ̀ mí o. Áà, ó rẹ̀ mí o.”

Omijé tí kò sí ní Ìlú Ìdínkù dé lọ́jọ́ náà. Alábòójútó ìlú náà, ọkùnrin tín-ín-rín kan, sún mọ́ ọn, ó fún un ní àpótí kí ó jókòó. Ó ní: “Ẹ má bínú, bàbá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ ohun kan di méjì. Níhìn-ín, a kì í kọ orúkọ. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń gbà àti ohun tí ó ń dá padà la ń kọ, a ó sì fi lámúdà síwájú rẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì fẹ́ kọjá. A ní kí ó dárúkọ ara rẹ̀ kí a ṣí ọ̀nà fún un. Ó ní ọdẹ kì í pe orúkọ ènìyàn nínú igbó. Ọjọ́ mẹ́ta la fi bẹ̀ ẹ́. Ó ní bàbá òun ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀, òun kò sì ní dójú ti bàbá òun. Bàbá, ẹni tí kò lórúkọ, iṣẹ́ ló kàn án.”

“Àmì tó fi ránṣẹ́ ńkọ́?”

“A gbà á láyè láti fi ohun kan ránṣẹ́ sílé kí ó tó jókòó sídìí iṣẹ́. Kò ní orúkọ tí yóò kọ sí i, ó wá ha ohun tí ó wà níwájú orí rẹ̀. Kò ní ìtumọ̀ ju pé òun ni, òun wà níhìn-ín.” Ọkùnrin náà wo okùn tó kún fún kókó. “Ẹ dúró ná, bàbá, ọ̀nà wo lẹ gbà? Ìrìn ọjọ́ kan ni láti ẹnu igbó dé ibí, fún ẹni tó bá dárúkọ ẹni tó ń wá. Ẹlẹ́sẹ̀-kan-àbọ̀ ló máa ń mú wọn wá. Ìṣojú rẹ̀ ni ọmọ yín kọjá.”

Ọdẹ́jìnmí wo ọmọ rẹ̀, ó wo obì méjì tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ kí ilẹ̀ ya kí òun wọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbá orúnkún mú, ó dìde, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí ó ti ń ṣọdẹ.

Ó ké pé: “Akíndípẹ̀!”

Gbogbo ẹyẹ dákẹ́. Ọmọ náà la ẹnu bí iṣẹ́ rẹ̀: “Akíndípẹ̀! Akíndípẹ̀!”

Òfin kan tún wà tí bàbá kọ́ ọmọ yìí: bí ohun kan bá pè ọ́ nínú igbó lẹ́ẹ̀kan, má jẹ́, bí ó bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, má jẹ́, iwin kì í pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá pe ẹ̀kan, ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ pe méjì, ó di mẹ́ta. Ojú Akíndípẹ̀ yí, ó gbọn orí bí ẹni tí omi wọ̀ létí.

Ó ní: “Hòo! Bàbá, ẹ̀yin nìyẹn?”

Alábòójútó fi àkísà tútù nu lámúdà kúrò níwájú orí rẹ̀, ó ṣí ọ̀nà fún wọn. Wọ́n dárúkọ ìlú wa sókè, ilẹ̀ sì tẹ́ lọ níwájú wọn títí ó fi já sí ẹ̀yìn oko wa. Wọ́n rìn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Oòrùn ti yọ dáadáa nígbà tí wọ́n jáde sí wa. Abẹ́ igi ọdán la jókòó sí, à ń jẹ ẹran. Ní ìrọ̀lẹ́ àná ni a ti ṣe ìsípà Akíndípẹ̀ tán.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá mi.”

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó rò pé a kò gbọ́ ni, ó tún un wí, ó sì ń kí wa níkọ̀ọ̀kan. Ó kí Olúọdẹ. Ó kan èmi, tí mo kọ́ ọ bí a ṣe ń bó awọ ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ní: “Bàbá Ìyìọlá, ẹ kú ìjókòó.” Mo mọ ohùn rẹ̀. Ẹran wà lọ́wọ́ mi, ẹran náà ni mo ń wò.

Ọdẹ́jìnmí ní: “Mo mú ìtumọ̀ dé. Kì í ṣe ikú. Ọmọ náà rèé, ẹ wò ó, ó ń mí.”

Olúọdẹ kò wo ọmọ. Ó ní: “Ọdẹ́jìnmí, a retí rẹ títí oòrùn fi wọ̀ lánàá. Ohun tí a ti ṣe, a ti ṣe é. Ìwọ náà mọ òfin.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Òfin tí mo mọ̀ ló sọ ọmọ mi di aláìlórúkọ, òun náà ló fi ogójì ọjọ́ yí mi ká inú igbó. N kò bá yín jiyàn, kò sí agbára rẹ̀ lára mi. Ṣùgbọ́n èyí tó kù yìí, n kò ní pa á mọ́.”

Ó bọ́ àpò ọdẹ lápá, ó gbé ìbọn lé e, ó ṣí fìlà ọdẹ lórí, ó sì kó gbogbo rẹ̀ síbi ẹsẹ̀ Olúọdẹ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọmọ tó ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀ léjìká.

Ó ní: “Akíndípẹ̀, dìde. Káàbọ̀, ọmọ mi.”

Wọ́n lọ bá Abẹ́ní. Igbe tí obìnrin náà ké, gbogbo wa gbọ́ ọ lábẹ́ igi ọdán, a sì ń jẹ ẹran wa lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó lọ sí òdìkejì odò, wọ́n dáko iṣu. Ọdẹ́jìnmí kò fọwọ́ kan ìbọn mọ́ títí ó fi kú.

Ọdún mẹ́ta kọjá kí n tó lè sọdá odò náà. Akíndípẹ̀ ló wà lórí ebè. Mo dúró létí oko, mo kí i. Mo rò pé yóò ṣe mí bí mo ṣe ṣe é, mo sì ti múra sílẹ̀ fún un. Ó sọ ọkọ́ kalẹ̀. Ó ní: “Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ wá jókòó, iṣu ti jinná.” Mo jókòó, mo jẹ iṣu náà. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń tì mí bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa lọ sílé, kí ẹ sì jẹ́ kí n na ẹ̀yìn mi sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kí yín lọ́nà, ẹ dá a lóhùn.